Ibi Tó Pá Lórí Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta 2025. Mowe.
Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé láti Ifo láìsọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n tú gèlè. Àárín orí ti pá – sẹ̀ǹtímità mẹ́rin ààbọ̀. Mo gbé Ojú Àwòdì, kámẹ́rà kékeré tí mo fi ń yẹ awọ orí wò, lé e. Wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà: "Ṣé orí mi nìyí, àbí oko àgbàdo tí màlúù wọ̀?" A jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, jẹ́jẹ́: "Mọ́láyọ̀, ṣé jẹjẹrẹ ni?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4.
Mo tún àwòrán náà yẹ̀ wò. Kò sí làpálàpá. Kò sí egbò. Ihò irun ò tíì dí. Àmọ́ irun tó kù ò dọ́gba: òmíràn mìlímità kan, òmíràn mẹ́ta, òmíràn méje. Gbogbo rẹ̀ ló já. Ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú irun yìí ti kọ́ mi – ọwọ́ èèyàn ló ń já irun báyìí.
Mo pè wọ́n: kì í ṣe jẹjẹrẹ. N kò sọ ìyókù. Àwọn nìkan ló ń gbé ilé wọn; ọwọ́ ta tún ni?

Ọjọ́bọ̀, 6.
Mo béèrè lórí fóònù bóyá wọ́n ń fa irun. "Ṣé wèrè lo wá pè mí ni?" Wọ́n pa fóònù.

Ọjọ́ Ẹtì, 7. Ifo.
Mo wá bẹ̀ wọ́n. Ìrẹsì ọ̀fadà ti wà lórí iná. Wọ́n ti dárí jì mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8.
Àdúrà àárọ̀. Wọ́n ń dárúkọ àwọn ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kan Gbémiga – ó gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíyà, oṣù méje rèé, a ò gbúròó rẹ̀ – wọ́n gbé ọwọ́ lé orí ara wọn. Pásítọ̀ wọn ló ní kí ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lókèèrè fi orí tirẹ̀ dípò tọmọ. Wọ́n di irun mú bí ẹni di ọmọ mú lẹ́bàá títì márosẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń já.
Lẹ́yìn "àmín", mo fi irun tó há sáàárín ìka wọn hàn wọ́n. Wọ́n wò ó pẹ́. "Èmi ni?"
"Ẹ̀yin ni. Tó bá ń bá a lọ, kò ní hù mọ́."
"Kó má hù. Tí mo bá gbé ọwọ́ kúrò, ta ló máa di ọmọ mi mú?"


Ọjọ́ Àìkú, 9.
Bí wọ́n ṣe dé orí orúkọ Gbémiga, mo ṣí ìborí mi, mo kúnlẹ̀, mo gbé orí mi sábẹ́ ọwọ́ wọn. Àtẹ́lẹwọ́ wọn gbóná. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, ìka wọn sì ń há mọ́ irun mi.
"Mọ́láyọ̀, ṣé mo ń fà á?"
Mo ní, "Ẹ máa gbàdúrà yín lọ."