Eku Kọ́ Ló Ń Jẹ Ọṣẹ Yín

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìrójú, ẹ kú àmúmọ́ra. Èmi Sìdíkátù ọmọ yín ni mò ń kí yín láti Ilé-Ifẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀ ni mo sì wà. Mo kí Bọ̀dá Tàjú, ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra kà á, ẹ má fo ibì kankan. Mo kí àwọn ìyá agboolé wa ní Ṣakí, tí wọn kò dá yín dá ilé láti ọjọ́ tí Bàámi ti lọ.

Inú ìwé ìròyìn tí Bàámi máa ń rà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ní kí wọ́n bá mi gbé e sí. Ẹ lè ní kí ló dé tí n kò pè yín lórí fóònù. Màámi, ojú gbogbo èèyàn lẹ ti bá ọkọ mi wí lọ́jọ́ kẹjọ Bàámi. Ẹ ní irú mẹkáníìkì wo ló máa gbé ọkọ̀ àna rẹ̀ jókòó fún oṣù mẹ́ta nítorí pọ́ǹpù tí kò tó ìkúùkù. Ẹ ní bó bá ti tún un ṣe ni, Bàámi ìbá ti wá gbé e, wọn ìbá sì ti fojú kàn mí kí wọ́n tó kú. Ràsákì ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, ó ní kí ẹ máà bínú. Mo wà níbẹ̀, mo sì dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé Ràsákì kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èmi ni mo ní kó má tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dùn, torí pé ó dùn, Màámi, ó dùn débi pé títí di òní, bí mo bá jí tí mo rí ọkọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo máa ń fẹ́ rẹ́rìn-ín kí n tó rántí pé Bàámi ti kú. Ẹ rántí ọjọ́ yìgì wa. Bàámi fúnra wọn ló wa ọkọ̀ ìjàpá funfun wọn láti Ṣakí, ẹ̀yin jókòó síwájú pẹ̀lú gèlè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé, gbogbo àdúgbò Ìrẹmọ ló sì jáde wá wo ọkọ̀ tó dàgbà ju ìyàwó lọ. Nígbà tí ẹ̀yin wọlé lọ kí àwọn ìyá ọkọ mi ni Ràsákì gbóòórùn epo. Ó ká apá agbádá ìgbéyàwó rẹ̀ sókè, ó ṣí ẹ̀yìn ìjàpá níbi tí íńjìnnì rẹ̀ wà, ó sì rí i pé pọ́ǹpù tó ń fa epo bẹntiróòlù ń jò sára íńjìnnì gbígbóná. Ó bẹ Bàámi pé kí wọ́n má wà á padà, kó má lọ gbiná lọ́nà. Bàámi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ti ń jò láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, kò sì pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà. Kí ẹ tó wọ mọ́tò padà sí Ṣakí, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, wọ́n ní: "Ọmọ mi nìyí, ìjàpá mi nìyí. Méjèèjì ló máa ń ṣòroó tan láàárọ̀. Tọ́jú wọn."

Mo bínú sí wọn lọ́jọ́ yẹn pé wọ́n fi mí wé ìjàpá. Ẹ wo bí mo ṣe ń fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìgbésí ayé mi níhìn-ín dára. Mò ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ ìwé ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan nítòsí yunifásítì. Òjò Ifẹ̀ kì í kí èèyàn tẹ́lẹ̀ kó tó dé. Nínú agboolé ọkọ mi, bí wọ́n bá ń sọ Ifẹ̀ wàràwàrà, màá ti rẹ́rìn-ín tán kí n tó mọ̀ pé èmi ni wọ́n ní kí n lọ pọn omi. Àárò máa ń sọ mí nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, Bàámi á pè. Wọn kì í béèrè mi lákọ̀ọ́kọ́. Wọ́n á ní ìjàpá àwọn ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti yá, ṣé kí àwọn máa bọ̀ wá gbé e.

Màámi, ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn yìgì ni Ràsákì ti rí rọ́bà inú pọ́ǹpù náà rà ní Ìbàdàn. Ó gbé e fún mi pé kí n bá òun fi pamọ́. Iṣẹ́ wákàtí méjì ni. Ṣùgbọ́n a ń kọ́ yàrá méjì lọ́wọ́ ní Ẹdúnàbọ̀n, mo sì ti pinnu pé Bàámi ò ní sùn sórí ẹní ní yàrá kan ṣoṣo tí a ní ní Ìrẹmọ. Mo fẹ́ kí wọ́n bá mi nínú ilé mi. Mo fẹ́ kí wọ́n sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tí èmi fúnra mi tẹ́. Mo mọ̀ pé bí ìjàpá bá ti yá báyìí, wọ́n á wá lọ́la, wọ́n á wà á lọ, ó di kí n tún máa wá ìdí tí wọ́n á fi padà wá. Mo bẹ ọkọ mi pé kó dúró dìgbà tí a bá kun ilé tán. Kò fẹ́, ó ní ohun tí àgbà bá gbé síni lọ́wọ́ kì í pẹ́ níbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Ní gbogbo Jímọ̀ ni mo ń sọ fún Bàámi pé a ò tíì rí rọ́bà.

A kun yàrá náà ní àwọ̀ búlúù lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, mo ní bí wọ́n bá pè ní Jímọ̀, màá ní kí wọ́n máa bọ̀. Àárọ̀ Tọ́sìdeè ni Bọ̀dá Tàjú pè mí. Kí a tó dé Ṣakí, wọ́n ti sin Bàámi tán.

Nígbà tí a padà dé Ifẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ, mo mú rọ́bà náà jáde fún Ràsákì, mo ní kó jẹ́ kí n wà níbẹ̀. Ó yọ wáyà bátìrì, ó dí ọ̀nà epo, ó tú pọ́ǹpù náà kúrò lára íńjìnnì. Ohun kan ti gan mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní ihò kan wà níbẹ̀ tí epo ń gbà jò síta bí rọ́bà inú rẹ̀ bá ti ya, kí onímọ́tò lè mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Bàámi ti fi ọṣẹ dí ihò yẹn, bí àwọn awakọ̀ ṣe máa ń fi ọṣẹ dí táǹkì tó bá ń jò. Ọṣẹ lórí ọṣẹ, ọdún lórí ọdún. Nítorí náà, èyí tó pọ̀ nínú epo náà kò jò síta mọ́, inú ló ń jò sí. Ọ́ìlì íńjìnnì ń rùn bí ilé epo.

Ràsákì fẹ́ fi sikuru-díráfà họ ọ́ dànù. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àmì àtàǹpàkò wà lára ọṣẹ náà, àpá ọ̀bẹ sì là á láàárín. Ẹ mọ àpá yẹn lára àtàǹpàkò Bàámi. Ibi tí kò dúdú lára ọṣẹ náà ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé, irú ọṣẹ gbọọrọ tí ẹ máa ń fi okùn gé. Ìgbà yẹn ni mo rántí gbogbo ọdún tí ẹ fi ń pariwo pé eku ń jẹ ọṣẹ yín, tí Bàámi fúnra wọn ń bá yín dẹ tàkúté sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, tí wọ́n ń mi orí pé eku ilé yìí le. Mo jókòó sórí táyà, mo rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, Ràsákì kò sì mọ èyí tí ì bá bá mi dá dúró.

A fi ọ̀bẹ yọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó fi rọ́bà tuntun sí i, ó dè é padà, ó da ọ́ìlì nù, ó rọ tuntun. Ìjàpá tan lẹ́ẹ̀kan náà. A tẹ́ bébà sábẹ́ pọ́ǹpù fún odidi wákàtí kan. Bébà náà gbẹ.

Sátidé tó ṣáájú àdúà ogójì ọjọ́ ni a ó wà á bọ̀. Ẹ bá mi kí Ràsákì dáadáa bó bá sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bínú, èmi ni kí ẹ bínú sí, màá ti kúnlẹ̀. Ọṣẹ náà wà nínú láílọ́ọ̀nù lọ́wọ́ mi, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ ká tàkúté yẹn kúrò. Lẹ́yìn àdúà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó síwájú ìjàpá, ẹ bá wa padà. Bẹ́ẹ̀dì yẹn ṣì wà bí mo ṣe tẹ́ ẹ, ẹnikẹ́ni ò tíì sùn lórí rẹ̀.

Kí Ọlọ́run tẹ́ Bàámi sí afẹ́fẹ́ rere. Kó mú ẹ̀mí yín gùn, kó sì fún yín ní oorun tó dùn. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àtọmọdé àtàgbà, kí ẹ sì kí ibojì wọn fún mi kí n tó dé.

Èmi ni Sìdíkátù, ọmọ yín tó ń ṣòroó tan láàárọ̀.