Ta Ni Yóò Jogún Addie?

Èmi, Linwood Asbury Haddaway, apakàn ní etí omi Chesapeake, ìpínlẹ̀ Maryland, ni mo ń kọ ìwé ìhágún yìí pẹ̀lú orí pípé. Àyà ni ó ń dùn mí, kì í ṣe orí. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé mo ti ń ṣarán, ẹ wò ó dáadáa, Garland ọmọ mi ni. Mo fagi lé gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti kọ ṣáájú. Agbẹjọ́rò Lenora Tull ni yóò mójú tó pípín ogún yìí, nítorí kì í bẹ̀rù ariwo.

1. Ilé mi di ti Garland àti Corinne ìyàwó rẹ̀. Òrùlé ń jò lókè yàrá ẹ̀yìn. Mo sọ ọ́ fún Garland títí ẹnu mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

2. Ọkọ̀ tí mo fi ń pa akàn, àwọn ìgèrè inú rẹ̀, àti Tansy ajá mi, ti Thurman àbúrò mi ni. Ó ti pẹ́ tí a ti yan ara wa lódì, nítorí ó ń sọ káàkiri pé òun ni ó kọ́ mi ní ọkọ̀ títọ́. Ẹnu dùn ún ro ẹ̀fọ́. Tansy nìkan ni ó lè gbọ́ irú irọ́ bẹ́ẹ̀ kí ó sì máa ju ìrù.

3. Ó wá ku Addie, ọkọ̀ onígbòkun tí a fi ń díje lórí omi, tí baba mi gbẹ́ láti inú ìtì igi ńlá, tí mo sì fi orúkọ ìyàwó mi sọ. Mo mọ̀ pé òun ni gbogbo yín ń dúró dè.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí olóògbé ìyàwó mi, abẹ́ ọkọ̀ yìí ni ó dùbúlẹ̀ sí, ó ń fọ ìdí rẹ̀, ewé omi kún irun rẹ̀. Ó ní kí n yà kúrò níwájú ìmọ́lẹ̀ òun. Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ìgbà náà, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní. Òun ni ó fi òfin ilé yìí lélẹ̀: láàárọ̀ ìdíje, kí ọkọ̀ tó kan omi, ẹni tí yóò tọ́ ọ gbọ́dọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ìdí rẹ̀ láti imú dé ẹ̀yìn. Ohun tó bá di ọwọ́ mú ni yóò di omi mú. Ìjì máa ń bo àṣírí ọ̀lẹ, ó lè ti ilẹ̀kùn abà pàápàá sọdá odò. Ṣùgbọ́n bí ó bá ku ẹ̀fúùfù lẹ́lẹ́, agbára díẹ̀ ni ìgbòkun ní, omi tó di ìdí ọkọ̀ mú a sì jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ọmọdé ibí mọ èyí. Garland ni kò mọ̀ ọ́n.

Ní oṣù Kẹjọ tó kọjá, ó fi owó mi ra ìgbòkun tuntun, funfun báláú, ó sì so Addie mọ́lẹ̀ sínú omi fún odidi ọ̀sẹ̀ kí àwọn àlejò lè máa ya fọ́tò. Nínú ooru yẹn, kíá ni ìdọ̀tí yíyọ̀ àti ìkarahun wẹ́wẹ́ máa ń bo igi. Corinne bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n fà á sókè, kí wọ́n fọ̀ ọ́. Ó ní kí Corinne lọ máa fọ abọ́, pé ìgbòkun ni ó ń fa ọkọ̀, kì í ṣe kànrìnkàn. Lọ́jọ́ ìdíje, afẹ́fẹ́ rọ̀. Pẹ́pẹ́yẹ kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ rọra kọjá lára Addie. Garland dé, ó ní afẹ́fẹ́ dalẹ̀ òun. Afẹ́fẹ́ kan náà ni ó gbé gbogbo àwọn yòókù délé. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá Corinne lábẹ́ ọkọ̀, ìkarahun ti gé e lọ́wọ́, ó ṣì ń fọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tó rán an. Mo yà kúrò níwájú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀.

4. Nítorí náà, Addie di ti Corinne, òun nìkan.

5. Ìgbòkun tuntun wọ̀nyẹn di ti Garland, láìsí ọkọ̀ nídìí wọn. Kí ó ta wọ́n sórí ilé, kí ó máa wò ó bóyá ilé yóò rìn. Bí ó bá pe ẹjọ́, kí Agbẹjọ́rò Tull gé wọn ṣe aṣọ tábìlì fún àsè akàn ìjọ wa.

6. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sun òkú mi, kí wọ́n fi Addie gbé eérú rẹ̀ lọ dà sí àárín omi, lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá rọ̀, kí Corinne wà nídìí ìtọ́kọ̀. Garland gbọ́dọ̀ bá wọn lọ. Ó sanra dáadáa: kí ó jókòó sí ìhà ìsàlẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ń tẹ ọkọ̀ sí, kí ọkọ̀ lè fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí apá kan ìdí rẹ̀ jáde kúrò nínú omi, kí omi má bàa rí púpọ̀ dì mú. N kò fẹ́ ẹlòmíràn ní àyè náà. Kí ó pa ẹnu mọ́. Bí ó bá dákẹ́ pẹ́ tó, yóò gbọ́ omi tó ń yọ̀ kọjá lábẹ́ òun. Láti kékeré rẹ̀ ni mo ti ń fẹ́ kí ọmọ mi gbọ́ ọ.

Ọwọ́ mi rèé: Linwood Asbury Haddaway. Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta, ọdún 1987.

Àwọn ẹlẹ́rìí: Verna Dashiell, aládùúgbò, àti Milford Pruitt tó ń kan ọkọ̀, ẹni tó bẹ̀ mí kí n yọ ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́yẹ kúrò. N kò yọ ọ́.