Onífìlà àti Fọ́tò Dádì

Mọ́ńdè, 6 Oṣù Kẹwàá 2025

Yorùbá ni màá fi kọ ọ́. Danielle ọ̀rẹ́ mi ò lè kà á. Mọ́mì lè kà á, àmọ́ wọn ò ráyè.

Dádì ti lọ kí Ìyá Àgbà ní Ìbàdàn láti ọ̀sẹ̀ méjì. A ò bá ara wa sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lọ. Ẹ̀bi mi ni. Mo yọ káàdì kan nínú Bíbélì ńlá wọn láì tọrọ, mo mú un lọ fi han Danielle, igun ẹ̀ kan ṣẹ́po. Ọkùnrin tó ń gbá besibọ́ọ̀lù ní 1954 ló wà lára ẹ̀, ó dé fìlà — Onífìlà ni mo ń pè é. Bàbá arúgbó tí Dádì ń tọ́jú ní òpópónà Grand Concourse, nílùú òyìnbó níbí, ló fún wọn kó tó kú. Dádì ní, "Ṣìmí, ṣé gbogbo nǹkan lo gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn ni?" Mo wọ yàrá, mo tilẹ̀kùn. Ọjọ́ tí wọ́n ń gbé báàgì jáde, mi ò yọjú kí wọn pé ó dàbọ̀.

Wẹ́sìdeè, 8

Mo ti rí ọgbọ́n ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù ìyá Danielle, káàdì besibọ́ọ̀lù àtijọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ sára kéèsì fóònù. Màá fi Onífìlà ṣe ti Dádì. Sátidé, ọjọ́ kejìdínlógún, ni wọ́n ń bọ̀. Kéèsì á ti máa dúró dè wọ́n — kí n má baà fẹnu sọ sọ́rì.

Fúráìdè, 10

A gbé Onífìlà sórí kọ̀ǹpútà. Mo nu ìdọ̀tí kúrò, mo dá pupa fìlà ẹ̀ padà, mo mú kí ojú ọ̀run ẹ̀yìn ẹ̀ tún búlúù sí i. Mo wá fọ ojú ẹ̀ títí tó fi ń dán. Danielle pariwo! Ó ní ó ti dà bí òkú tí wọ́n fi pọ́dà pa lójú. Ó ní kí n fi ìlà tó là á láàárín sílẹ̀ o, ìyẹn ló fi hàn pé ó ti rìn jìnnà. Mo dá a padà. Igun tó ṣẹ́po náà, mo fi sílẹ̀. Dádì á mọ̀ pé káàdì wọn ni.

Sọ́ńdè, 12

Dádì ò gbé fóònù. Mọ́mì ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Ojú wọn wú. Wọ́n ní àlùbọ́sà ni. A ò se ọbẹ̀ kankan lónìí.

Mọ́ńdè, 13

Rédíò gbé báàgì dé láti ilé wọn ní Co-op City. Àǹtí Rìnsọ́lá, àbúrò Mọ́mì, ni mo ń pè bẹ́ẹ̀, ẹnu wọn kì í sinmi. Lónìí — kẹ́kẹ́ pa. Wọ́n fọ abọ́ mi! Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń wọlé, wọ́n ń jáde. Tí mo bá yọjú, ilé á pa lọ́lọ́. "Ṣìmí, o ti jẹun?" Gbogbo wọn. Kí ló kàn wọ́n nínú ikùn mi?

Túsìdeè, 14

Mo bi Mọ́mì bóyá ara Dádì ò yá ni. Wọ́n ní, "Ara wọn yá." Wọn ò wò mí.

Wẹ́sìdeè, 15

Rédíò sọ̀rọ̀! "Ṣìmí ọmọ mi, ìwọ tó o mọ fọ́tò tún ṣe, bá wa tún ti Dádì ẹ ṣe." Fún kí ni? Wọ́n wo Mọ́mì. Mọ́mì ní fún bọ́sídè. Mo ní ṣebí Oṣù Kejìlá ni bọ́sídè Dádì. Rédíò ní, "Ṣé èèyàn ò lè tètè múra ni, lọ́yà?"

Inú mi dùn. Mo fi ẹ̀yìn funfun sí i. Mo na iwájú orí wọn tó hunjọ. Mo yọ àpá òkè ojú wọn, èyí tí wọ́n gbà nígbà tí wọ́n já bọ́ lórí kẹ̀kẹ́ ní kékeré. Ọdún mẹ́wàá bọ́ lára wọn. Mọ́mì wò ó, wọ́n ní, "O ṣé." Wọ́n wọ bálùwẹ̀, wọ́n ṣí omi. Omi ń ṣàn ṣáá, wọn ò jáde.

Sátidé, 18

Kéèsì ti délé. Ó rẹwà. Dádì ò dé. Mọ́mì ní wọ́n ti sún ọjọ́ síwájú.

Sọ́ńdè, 19

Mọ́mì ní kí n má wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí n sinmi. Mo wọ bọ́ọ̀sì tẹ̀lé wọn.

Ara ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Fọ́tò tí mo ṣe. Dádì nínú funfun, ojú wọn ń dán. Lábẹ́ ẹ̀, orúkọ wọn, Olúrótìmí. Ọjọ́ ìbí wọn. Ọjọ́ mìíràn sì tẹ̀lé e — 11 Oṣù Kẹwàá 2025.

Rédíò sáré bá mi, wọ́n dì mí mú. Wọ́n ní a kì í ṣàdédé sọ irú ẹ̀ fọ́mọ, Fíkà ṣọ́ọ̀ṣì wa ló fẹ́ wá sọ fún mi nílé nírọ̀lẹ́. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, Dádì ṣubú ní pálọ̀ Ìyá Àgbà. Gbogbo ohun tí mo lè sọ ni, "Èmi ni mo ṣe é." Mo ń sọ ọ́ ṣáá. "Èmi ni mo ṣe fọ́tò yẹn."

Nígbà tá a délé, mo ṣí kọ̀ǹpútà. Mo dá gbogbo ẹ̀ padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iwájú orí tó hunjọ. Àpá. Dádì mi nìyẹn. Mo sọ fún Mọ́mì pé èyí ni kí wọ́n lẹ̀. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fọwọ́ kan àpá náà, wọ́n wá bú sẹ́kún lójú mi.

Mo ti dá Onífìlà padà sínú Bíbélì. Kéèsì wà lórí tábìlì. Kò sí fóònù nínú ẹ̀.

Ó dàbọ̀ o, Dádì.