Òkìtì Funfun Tí Kò Ní Ilẹ̀kùn

Àgbádárìgì, alẹ́ Ọjọ́bọ̀

Kí ni mo rí nínú fífi ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn.

Wàídì, ọmọ Alhaja aláṣọ ìsàlẹ̀ àdúgbò wa, ń gbá bọ́ọ̀lù ní orílẹ̀-èdè Nepal, ní Éṣíà. Ó fi fọ́tò ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, níwájú òkìtì funfun rìbìtì kan tí wọ́n ya ojú ńlá sí lókè.

Alhaja fi hàn mí ní ìsọ̀ rẹ̀ lónìí: "Tíṣà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kàwé, kí lèyí?"

"Òrìṣà tí ọmọ yín ń bọ ni, Alhaja. Ojú ẹ̀ ló ń wò yín yẹn!"

Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Alhaja pe Wàídì lójú ẹsẹ̀: "Má pè mí mọ́ o!"

Ìgbà tí mo délé ni mo tó kà nípa rẹ̀. Stúpà ni wọ́n ń pè é. Kò ní yàrá nínú. Orí ohun tó ṣẹ́ kù lára àwọn ẹni mímọ́ ẹ̀sìn Búdà ni wọ́n sábà ń mọ ọ́n lé. Àwọn onísìn Búdà a máa rìn yí i po, wọn a jẹ́ kó wà lápá ọ̀tún wọn. Àwọn àlejò pẹ̀lú a máa ya fọ́tò níbẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe létíkun wa níbí.

Ṣé Wàídì wólẹ̀ fún un? Fọ́tò ò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́, torí kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín.

Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí n bá Alhaja sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Rárá. Ojú ìsọ̀ ni mo ti bà á jẹ́, ojú ìsọ̀ náà ni n ó ti bẹ̀ ẹ́ pé kó pe ọmọ rẹ̀.

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo pa fìtílà.