Ìbínú Tó Mọ Ọ̀nà Ẹ̀jẹ̀

Abúlé Onídùndú,
lẹ́bàá Ìwó.
Ọjọ́ Àlàmísì.

Ọmọ mi Salman Àyìndé,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Manuella ìyàwó mi ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀, àbí Faransé náà ni wọ́n ṣì fi ń tọrọ omi mu? Ọlọ́run tó mú yín dé Douala kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ le mọ́ yín. Gbogbo wa wà nílé. Bàbá rẹ ti gbin àgbàdo sí ẹ̀yìnkùlé, ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn kọ ọmú, èmi ni mo ń fún un ní mílíìkì bí ọmọ ènìyàn.

Àlàó tó ń ta aṣọ lọ́dọ̀ yín ní New Bell ni mo fi ìwé yìí rán. Mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ gba inú fóònù kọjá, nítorí obìnrin tó wà nínú fóònù rẹ. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń pè ọ́ lẹ́yìn ìrun àsárì, obìnrin kan ló máa ń gbé e, a sì máa sọ Faransé kíákíá bí ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ ń jó lórí iná. Mo bi í pé ta ni, ó ní Kọrẹsipọ́ńdàn. Mo ní Kọrẹsipọ́ńdàn ọmọ ta ni, kò dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló tún ń sọ bíi rédíò, fóònù á sì já fúnra rẹ̀. Mo kí i títí, kò kí mi padà. Mo wá gbà pé o ti fẹ́ ìyàwó kejì lẹ́yìn wa, àti pé ìyàwó náà kò lẹ́kọ̀ọ́.

Salman, inú bí mi. Lọ́jọ́ tí obìnrin yẹn bá ti gbé fóònù, mi ò ní lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n fún mi. Mo máa ń sọ pé nítorí ta ni kí n ṣe lò ó. Màá rẹ gààrí, màá bu iyọ̀ sí i, màá fi ẹja gbígbẹ oníyọ̀ jẹ ẹ́, màá wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà láì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ á bi mí pé kí ló dé, màá ní kò sí. Òun náà mọ̀ pé ó wà.

Ní ọjọ́ Jímọ́ kan, mò ń ká aṣọ lórí okùn, ni ilẹ̀ bá yí mọ́ mi lójú, ahọ́n mi wúwo, mi ò lè pe orúkọ bàbá rẹ bó ṣe yẹ. Ó gbé mi sórí ọ̀kadà, ó jókòó lẹ́yìn mi, ó dì mí mú bí àpò ìrẹsì títí a fi dé ilé ìwòsàn. Salman, bàbá rẹ sunkún. Mi ò rí i rí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi. Ahọ́n mi padà sípò kó tó di ọ̀sán, dókítà ní ìkìlọ̀ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Fẹ̀yìntọlá. Nígbà tí ara mi balẹ̀, ó mú fọ́ọ̀mù jáde, ó ní kí n fún ìgbé ayé mi ní máàkì láti oókan dé mẹ́wàá. Mo ronú sí i, mo ní kó kọ mẹ́sàn-án, nítorí mẹ́wàá ti Ọlọ́run ni. Ó ní ṣé mò ń sùn, mo ní rárá. Ó ní ṣé oúnjẹ ń wù mí, mo ní rárá. Ó ní ṣé mo máa ń bá ènìyàn ṣeré, mo ní ó ti pẹ́. Ó ní Màmá, níbo wá ni mẹ́sàn-án ti wá? Mo ní mi ò lè gbé máàkì kékeré lọ bá ọkọ mi nílé. Ìwọ náà mọ ohun tí ojú rẹ rí lọ́jọ́ tó o gba mẹ́rin nínú ìṣirò.

Ó ní ìbínú mi ló ń bá oògùn jà. Ọ̀rọ̀ yẹn yà mí lẹ́nu. Mo bi í pé báwo ni ìbínú ṣe mọ ọ̀nà dé inú ẹ̀jẹ̀, ṣé ọ̀fun ló ń gbà ni àbí etí, bí mo bá sì mu omi tútù, ṣé kò ní rì sínú rẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìbínú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ohun tí mo máa ń ṣe bó bá dé ni ká wò: oògùn tí mi ò lò, iyọ̀ tí mo bù, ẹnu tí mo pa dé. Ó ní bó bá tún dé, kí n kọ́kọ́ béèrè orúkọ rẹ̀ kí n tó na ọwọ́ sí ohunkóhun. Mo ní ṣé ìbínú tún ń jẹ́ orúkọ mìíràn ni, ó ní kí n lọ wò ó.

Ojú ń kán mi. Ní ọjọ́ Àtìní mo mọ̀ọ́mọ̀ pè ọ́ kí inú lè bí mi. Kọrẹsipọ́ńdàn gbé e. Àyà mi gbóná, ọwọ́ mi ti ń lọ síbi iyọ̀. Mo jókòó, mo ka tẹ̀sùbáà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mo wá béèrè orúkọ nǹkan náà. Mo pè é ní ìbínú, kò jẹ́. Mo pè é ní owú, kò jẹ́. Bí mo ṣe pè é ní àárò, omi bọ́ lójú mi. Salman, àárò rẹ ló ń sọ mí. Mo sunkún díẹ̀, mo lo oògùn mi, mo sọ fún bàbá rẹ. Ó ní àárò náà ń sọ òun, ọkọ́ lòun fi ń lé e lọ sóko. A jọ rìn dé odò, a padà. Láti ọjọ́ náà mò ń sùn. Mo ti dárí ji Kọrẹsipọ́ńdàn pàápàá. Nọ́ọ̀sì tún wò mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀. Ó bèèrè máàkì, mo ní mẹ́fà. Inú rẹ̀ dùn sí mẹ́fà ju mẹ́sàn-án lọ, mi ò mọ irú ilé ìwé tó lọ.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé nìyí. Manuella fi ohùn ránṣẹ́ sí Ìwàlọlá ẹ̀gbọ́n rẹ pé o ní tánsíọ̀n. Mo rò pé mọ́tò ni, mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó o gùn ún pẹ́. Fẹ̀yìntọlá ló ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà ni. Manuella ní bí oníbàárà bá ti bí ọ nínú, o kì í jẹun, àdúgbò Deïdo lo máa ń lọ jókòó sí, tí wàá máa mu sìgá, o kì í sì í bá òun sọ̀rọ̀. Ọmọ mi, bá a sọ̀rọ̀. Kó o sì lo oògùn rẹ, inú ì báà dùn, inú ì báà bàjẹ́.

Fi owó díẹ̀ rán Àlàó padà, ti oògùn oṣù méjì, àti ti mílíìkì ọmọ ewúrẹ́. Bí owó bá ṣòro, fi ẹ̀wù rẹ kan tó o ti wọ̀ tó ò tíì fọ̀ ránṣẹ́. Bàbá rẹ ló ní kí n kọ ti ẹ̀wù yẹn. Ó ní kí n má sọ pé òun ni.

Ọlọ́run á tù ọ́ lára, á tù ọ́ lọ́kàn. O ò ní sin wá ní kékeré, àwa náà ò ní sin ọ́ rárá. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Màríyàm Àjọkẹ́.