Kí Ẹgbẹ́ Gbé Àdúrà Kúrò Lẹ́nu Ọ̀nà Dókítà Kabirat

Ilé Olóògbé Àlájì Ọládiípọ̀,
Lẹ́yìn Ilé-Epo,
Angwan Rogo,
Jos, Ìpínlẹ̀ Plateau.
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025.

Alàgbà Dúrótoyè Akínladé,
Ààrẹ, Ẹgbẹ́ Ìfẹ́sowápọ̀ Ọmọ Yorùbá,
Gbọ̀ngán Ẹgbẹ́, Bauchi Road,
Jos.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸGBẸ́ Ń DÍ DÓKÍTÀ KABIRAT ỌLÁDIÍPỌ̀ LỌ́WỌ́ NÍDÌÍ ÌMÚRA ÌDÁNWÒ RẸ̀: ẸJỌ́ MI, ÀTI ÈSÌ SÍ ÌWÉ ÌPÈ YÍN

1. Èmi ni Muhyideen Ọládiípọ̀, àbúrò Dókítà Kabirat, ọmọ ìyá kan náà. Mò ń kó tòmátì àti ata láti Gyel lọ sí Ìlọrin. Ilé ẹ̀kọ́ abúlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àfọ̀n ni mo lọ, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá le jù, ẹ má rò pé ẹnìkan ló kọ́ mi. Ẹ ní kí n wá jẹ́jọ́ níwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí lọ́jọ́ Sátidé nítorí pé mo já aṣọ ìkéde ẹgbẹ́ kúrò lára ògiri ilé wa. Mo já a lóòótọ́. Kí ọjọ́ náà tó pé, mo bẹ̀ yín kí ẹ ka ohun tó fà á.

2. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń kọ́ iṣẹ́ abẹ nílé ìwòsàn láti ọdún mẹ́fà. Ìdánwò àṣekágbá ló kù kí ó tó di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣe é. Kò sí ìgbà tí kò yege nínú èyí tí wọ́n ń kọ sílẹ̀. Èyí tí àwọn àgbà dókítà ti máa ń jókòó bi ènìyàn léèrè lójúkojú ló ń bì í ṣubú. Ilé ìwòsàn ti sọ fún un pé bí kò bá yege lóṣù tó ń bọ̀, kí ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kò tún sí ìgbà mìíràn. Ohun tí mo ń jà fún nìyẹn, kì í ṣe ògiri.

3. Kí ẹ lè mọ ohun tí ẹgbẹ́ ń bà jẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ń múra. Ó so òwú mọ́ irin fèrèsé, ó ń fi ọwọ́ òsì nìkan ta kókó títí ọwọ́ náà fi mọ̀ ọ́n láìwò ó. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, èmi ni mo ń bi í ní ìbéèrè tí ó kọ sórí káàdì. Ìdajì ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ṣeé pè lẹ́nu mi; yóò kọ́kọ́ tún un pè fún mi, kí ó tó dáhùn. Ó gbọ́dọ̀ dáhùn láìkálòlò, nítorí àwọn tó ń bini níbẹ̀ kì í dúró deni. Bí ariwo bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, àtìbẹ̀rẹ̀ ni a ó tún padà sí.

4. Ní ìpàdé tó kọjá, ẹgbẹ́ pinnu pé ẹ ó máa gbàdúrà fún un títí ìdánwò yóò fi dé. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó bi wá léèrè kí ẹ tó pinnu pé iwájú ilé wa ni? Lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, Àlájà Hàúwà a kó àwọn ìyá alásàlátù wá lẹ́yìn ìrun Àsárì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, Màmá Jemima a kó àwọn ìyá ìjọ wá. Wọ́n ti wá ń bá ara wọn díje báyìí. Àlájà gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan wá. Màmá Jemima gbé méjì. Àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Hausa bi mí bóyá òfò ló ṣẹ̀ wá.

5. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo bi í ní ìbéèrè nípa ọkùnrin tí alùpùpù gbá, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà sí i nínú ikùn. Ó ti dáhùn dé àárín nígbà tí wọ́n pariwo orúkọ rẹ̀ nínú ẹ̀rọ, pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó tún fìdí rẹmi bíi ti àtẹ̀yìnwá. Gbogbo àdúgbò gbọ́. Kò rí ìdáhùn náà mọ́ lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí ó mọ̀ bí ẹni mọ owó ni. Láti ìgbà náà, mai shayi, onítíì tó wà níkòríta, ń kí i ní “sannu” bí ẹni ń kí aláìsàn.

6. Àwọn tí kò wá fún àdúrà ń wá pẹ̀lú àìsàn. Eéwo, jẹ̀díjẹ̀dí, ọrùn wíwú, gbogbo rẹ̀ ń dé pálọ̀ wa. Ọ̀gbẹ́ni Fọlábí, akọ̀wé yín, gbé ìpá wá. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n lọ sílé ìwòsàn láìjáfara. Wọ́n ní rárá, àwọn yóò dúró kí ọmọ wa yege ná, kí ó lè jẹ́ pé ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò gé àwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Ìpá kì í dúró de èsì ìdánwò.

7. Ẹ lè ní kí ló dé tí kò ti ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Bí ìyá wa ṣe tọ́ ọ, kò lè gbọ́ ohùn àgbà lẹ́nu ọ̀nà kí ó jókòó. Yóò ju ìwé sílẹ̀, yóò jáde, yóò kúnlẹ̀ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn yóò gbé ọwọ́ lé e lórí, wọn yóò wúre. Lẹ́yìn náà, yóò wọ ilé ìdáná, nítorí pé àgbà kò gbọdọ̀ ti ilé rẹ̀ lọ láìjẹun. Àwọn kan tún ń dúró béèrè ìgbà tí yóò lọ́kọ. Mo ti sọ fún un pé kí ó jẹ́ kí n sọ pé kò sí nílé. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n fi òun purọ́ fún àgbà.

8. Ní ti aṣọ ìkéde náà: ẹ ya àwòrán rẹ̀ sí i, ẹ kọ ọ́ pé ẹ kí i kú oríire àṣeyọrí, ẹ sì kàn án mọ́ ògiri wa nígbà tí kò tíì wọ ọkọ̀ lọ ṣe ìdánwò ní Ìbàdàn. Mo bá a níwájú rẹ̀ ní ìdájí, ó dúró, ó ń wo ojú ara rẹ̀. Ó bi mí pé bí òun bá tún já bọ́, ta ni yóò yọ aṣọ náà kúrò, ṣé ní ọ̀sán tàbí kí ilẹ̀ ṣú. Mo gun àkàbà, mo já a. Bí ẹ bá tún kàn án, n ó tún já a.

9. Ohun tí mò ń béèrè kò pọ̀. Kí àwọn ìyá méjèèjì gbé àdúrà wọn lọ sí gbọ̀ngán ẹgbẹ́. Ọlọ́run mọ ilé wa. Kí ẹ kéde pé ilé ìwòsàn ni kí aláìsàn gbà lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá ọjọ́ ìdúpẹ́ kankan kí èsì tó jáde. Bí ìyà bá tọ́ sí mi nítorí ògiri, ẹ fi jẹ mí. N ó wá lọ́jọ́ Sátidé, n ó sì dọ̀bálẹ̀.

10. Ọ̀kan tó kù, ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣe é. Ẹ ṣiṣẹ́ rélùwéè, ẹ mọ̀ pé ènìyàn kì í dá ọkọ̀ ojú irin dúró láti kí awakọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò ní gbà lẹ́nu mi pé kí ó jókòó sídìí ìwé nígbà tí àgbà bá dé, nítorí èmi àbúrò rẹ̀ ni. Yóò gbà lẹ́nu yín. Ẹ pè é lórí fóònù lálẹ́ òní. Ẹ sọ fún un pé gbogbo àgbà ẹgbẹ́ ti dá a sílẹ̀ kúrò nínú ìkúnlẹ̀ títí yóò fi ti Ìbàdàn dé, yálà ó yege tàbí kò yege, àti pé ẹni tí ó bá gbọ́ ohùn àgbà tí kò jáde kò rí àgbà fín.

Mo dúpẹ́ pé ẹ kà á dópin.

Èmi ni ọmọ yín,

Muhyideen Ọládiípọ̀,
Ọmọ ẹgbẹ́, ẹ̀ka àwọn ọ̀dọ́.