Lakhdar, A Ti Gé Láwàní Rẹ Kúrò Lára Ẹ́ńjìnnì

Lakhdar àbúrò mi, ọdún mẹ́rin rèé tí o lọ! Ọdún mẹ́rin gbáko, èmi Hadda ẹ̀gbọ́n rẹ ṣì ń bu kọfí sínú ife méjì láràárọ̀. Ìwọ ló yẹ kí o sin mí. Ikú ò mọ àgbà, ikú ò mọ ọmọdé.

Nouara ọmọ rẹ ti bá ọ kan òrùlé yàrá tó o fi sílẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń ránṣọ báyìí, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́, àwọn ìyàwó tuntun abúlé yìí ò gbé aṣọ lọ ibòmíràn mọ́. Igi ólífì ẹ̀yìnkùlé ti so lẹ́ẹ̀mejì. Ìròyìn ayọ̀ tó wà kò ju ìyẹn lọ.

Zineb ìyàwó rẹ kò gbádùn, Lakhdar. Ó ti pé ọdún méjì tí kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ẹ̀rọ ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ nílùú, ọkọ̀ Píjò rẹ ni Nouara sì fi ń gbé e lọ. Àádọ́rin kìlómítà ni àlọ nìkan. Bí Píjò yẹn bá dúró, ẹ̀mí ìyàwó rẹ dúró nìyẹn.

Ìgbà tí ìjì iyanrìn ọdún yìí rọlẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í jo ọ́ìlì. Orí rẹ̀ ló kọ́kọ́ jò. Nouara ṣí i, ó pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì tó ń dí ojú ìpàdé irin, ó fi ìka méjì péré dè àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ kí wọ́n má baà le jù, bó o ṣe kọ́ ọ. Ó dá. Lọ́sẹ̀ kejì, ìsàlẹ̀ jò. Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní lábẹ́ ọkọ̀, ó tún ìyẹn náà ṣe. Ni ẹ̀yìn bá gbà á, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé gíá. À ń dí ibí, ó ń jò lọ́hùn-ún! Mabrouk mẹkáníìkì ní àfi kí òun sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ọjọ́ méjìlá ni òun yóò lò. Ta ni yóò bá Zineb fọ ẹ̀jẹ̀ fún ọjọ́ méjìlá? Àwọn aládùúgbò ti fi ọkọ̀ wọn kó àgùntàn lọ sí pápá àríwá, ìwọ náà mọ bí abúlé wa ṣe ń ṣófo lóṣù kẹfà.

Lọ́jọ́ Ajé kan, gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì tí wọ́n gbé dání tán kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀nà. Iná pupa tàn, ni wọ́n bá rọra yí padà wálé. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, Zineb ti wú. Ojú wú, ẹsẹ̀ wú, bó bá dùbúlẹ̀ kò lè mí. Dókítà sọ lórí fóònù pé Ọjọ́rú ò gbọdọ̀ kọjá kó má dé. A pe ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn, wọ́n ní ó di Ọjọ́bọ̀ kó tó ráyè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ló kù fún ọmọ rẹ. Ó fi bẹntiróò fọ ẹ́ńjìnnì mọ́ tónítóní, ó nù ún gbẹ, ó wá bu ìyẹ̀fun mi wọ́n ọn lára kó lè rí ibi tí ọ́ìlì ti ń yọ. Mo bínú. Mo bi í bóyá búrẹ́dì kesra ló fẹ́ yan sórí irin. Ó tan ọkọ̀, ọ́ìlì sì yọ níbi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Nouara jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. Láti ọjọ́ tá a ti gbé ọ jáde, mi ò rí i kó sunkún bẹ́ẹ̀.

Ó dìde láti rọ ọ́ìlì sí i. Ó ti gbàgbé pé ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, ó ṣí ìdérí, èéfín sì fẹ́ fùú lu ọwọ́ rẹ̀. Ó dúró. Ó fi ìdérí náà sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó tẹjú mọ́ ìyẹ̀fun: jíjò náà ti dínkù níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì ni kò rọ́nà jáde, òun ló ń ti ọ́ìlì gba gbogbo ojú ihò. Ó wá tọ rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí lọ, títí ó fi dé ẹnu rẹ̀. Láwàní rẹ ló bá níbẹ̀.

Ìwọ lo ya etí láwàní náà, tó o fi di ẹnu rọ́bà kí iyanrìn má baà wọlé, bí gbogbo awakọ̀ ìhà wa ṣe ń ṣe. Ohun tá a ò mọ̀ ni pé o máa ń tú u fọ̀. Nígbà tó o kú, èmi ni mo ní kí ẹnikẹ́ni má tú kókó tó o fọwọ́ ara rẹ ta. Èmi ni, Lakhdar! Nouara fẹ́ tú u nígbà kan, mo gbá a lọ́wọ́. Mi ò kì í wọ ọkọ̀ yẹn láì kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣí iwájú rẹ̀ kí n fọwọ́ kan aṣọ náà. Ọ́ìlì àti iyanrìn ti gbẹ mọ́ ọn, ó le bí awọ, èémí kankan ò lè gbà á kọjá.

Nouara mú àlùmọ́gàjí wá, ṣùgbọ́n kò gé e. Ó kọjú sí mi.

“Ẹ yan ọ̀kan,” ó ní. “Láwàní bàbá mi, àbí màmá mi?”

Mo gba àlùmọ́gàjí, mo gé e fúnra mi. Kókó rẹ le bí orí kunkun rẹ. Nígbà tí Nouara fọ rọ́bà náà tán tó sì tan ọkọ̀, èmi pẹ̀lú rẹ̀ kúnlẹ̀ à ń wo ìyẹ̀fun. Òkè funfun. Ìsàlẹ̀ funfun. Ẹ̀yìn nìkan ló ń kán tó, tó. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dé ìlú kí oòrùn tó le.

Ẹ̀rọ gba ìyàwó rẹ là, Lakhdar, ṣùgbọ́n wọ́n ní wíwú yẹn ti sọ ọkàn tó ń lù láyà rẹ̀ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Láti ìgbà náà ló ti ń lá àlá rẹ. Ó ní o máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ò ń fọwọ́ pe òun.

A ti gbé oúnjẹ kúskús tá a fi ṣe sàárà rẹ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ọ. Mo fẹ́ràn rẹ, àárò rẹ ń sọ mí lójoojúmọ́, kò sì sí ohun tó o tọrọ lọ́wọ́ mi rí tí mo fi dù ọ́. Èyí nìkan ni mo fẹ́ fi dù ọ́. Bó o bá tún yọ sí Zineb lójú oorun, kí i, kó o máa lọ. Jọ̀ọ́, àbúrò mi, má tíì pè é.